Àwọn olùbẹ̀wò fáktírì ń bọ̀ ní bẹ́kìrì wa: kí ni ká kọ́kọ́ náwó lé?

Onífùláwà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ìyá wa. Bẹ́kìrì kan ní Ọ̀tà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Òṣìṣẹ́ 24 ló wà níbẹ̀, 9 nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Míkísà kan, mílíńgì kan (ẹ̀rọ tó ń fi rólà, irin roboto méjì, tẹ ìyẹ̀fun), ẹ̀rọ tó ń gé búrẹ́dì, ààrò méjì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, jẹnẹrétọ̀ 60 kVA. Lẹ́tà ti wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn olùbẹ̀wò fáktírì ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò. ₦1,500,000 ni owó tó wà nílẹ̀ fún ààbò lọ́dún yìí. Kọngílá kan ti mú ìwé owó wá: akoto 24, ẹ̀wù tó ń tàn yanran 24, bàtà olórí irin 24, pátákó ìkìlọ̀ 30. Bí a bá san ìyẹn, kò ní ku nǹkan kan tó gbámúṣé nílẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò nìyẹn?

Àgbẹ̀dẹ_Ìgbàlódé
Ẹ dá ìwé owó yẹn padà fún un. Kí ló ń já bọ́ látòkè ní bẹ́kìrì tí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun yóò fi dé akoto? Ẹ̀wù tó ń tàn yanran, ti ẹni tó wà lójú títì ni, tàbí ibi tí fọ́kílíìfù ti ń lọ tó ń bọ̀. Ní bẹ́kìrì, mílíńgì ló ń gba ìka, míkísà ló ń ṣẹ́ apá, ààrò ló ń bó ara. Ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ.

Bí ewu bá ṣeé mú kúrò pátápátá, ẹ mú un kúrò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi irin dí i. Bí irin ò bá lè dí i tán, ẹ yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Ìbọ̀wọ́ àti bàtà ló kẹ́yìn nínú gbogbo rẹ̀. Kódà, ìbọ̀wọ́ léwu lẹ́nu mílíńgì: rólà á fa ìbọ̀wọ́, ọwọ́ á sì tẹ̀lé e wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo mílíńgì yẹn dáadáa, torí òun ló burú jù. Irin roboto méjì ló ń yí kojú ara wọn. Ojú ibi tí wọ́n ti ń pàdé ni ó ń gbé nǹkan mì. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń jó ládùúgbò máa ń wá ní ìhòòhò, láìsí ìbòrí kankan. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ìbòrí tó máa bo òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá lo àwọ̀n irin, tí ihò rẹ̀ tó 20 mm, àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú ìpàdé yẹn tó 120 mm ó kéré jù, kí ìka má bàa gba inú ihò dé ibẹ̀. Ní ti ẹnu ibi tí ìyẹ̀fun ń gbà wọlé, kò sí bí ò ṣe ní ju 20 mm lọ. Nítorí náà, tábìlì àti ìbòrí tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn débi tí apá ò ní dé rólà: 850 mm láti ẹnu ihò dé ojú ìpàdé. Àwọn wẹ́dà á ní ó gùn jù, wọ́n á fẹ́ ṣe ààbọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà. Ààbọ̀ ìwọ̀n yẹn, ọwọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún á dé ibẹ̀ kíá.

Ẹ tún fi ọ̀pá ìdádúró sí iwájú ẹ̀rọ náà, kí ó ga dé ìbàdí, kí ó sì gùn tó ẹ̀rọ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti há kì í ráyè wá bọ́tìnì pupa kiri, àmọ́ ó lè fi ara ti ọ̀pá. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ ti ọ̀pá, kí ẹ wo rólà. Bí ó bá ṣì ń yí lọ lẹ́yìn náà, mọ́tò náà nílò búréèkì. Ọ̀pá nìkan ò tó.

Míkísà ní tirẹ̀ sábà máa ń ní ìdérí pẹ̀lú súìsì kékeré tó ń pa á bí wọ́n bá ṣí i. Wáyà tàbí mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tan súìsì yẹn jẹ. Olùbẹ̀wò tó mọṣẹ́ á kàn gbé ìdérí sókè nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ìdí tí wọ́n fi ń tàn án jẹ: wọ́n fẹ́ máa da omi tàbí òróró sí i láìpa á. Ẹ gé ihò sí ìdérí, ẹ fi àwọ̀n irin bo ihò náà, kí wọ́n máa gba ibẹ̀ dà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa wá wáyà mọ́.

Wáyà_Pupa
Ọ̀gá Àgbẹ̀dẹ ti sọ ti irin, ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un, torí òun náà ń gba ìka ní ilẹ̀ wa yìí. Gíà súìsì, èyí tó máa ń dúró síbi tí wọ́n bá gbé e sí bí iná tilẹ̀ lọ, ni wọ́n fi so ọ̀pọ̀ mílíńgì, kò sí nǹkan mìíràn láàárín. NẸ́PÀ á mú iná lọ, ẹnikẹ́ni ò ní rántí pa súìsì. Òṣìṣẹ́ á ní òun ráyè báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ rólà. Ẹlòmíràn á tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, tàbí kí NẸ́PÀ dá iná padà. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú ọwọ́ nínú rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni sítátà oní-kọntákítọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ, kọntákítọ̀ á já fúnra rẹ̀. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ ò ní gbéra àfi bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe nǹkan tó wọ́n rárá tí a bá fi wé ohun tó ń dènà. Kí ẹ sì rí i pé oníná tó so ó yí ìwọ̀n ofólóòdù rẹ̀ (èyí tó ń pa mọ́tò bí iná tó ń fà bá pọ̀ jù) sí iye ámípíà tí wọ́n kọ sára mọ́tò, kì í ṣe kó yí i dé òpin kí ó má bàa máa já. Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ gé iná láti méènì, ẹ dá a padà. Bí ẹ̀rọ bá gbéra fúnra rẹ̀, iṣẹ́ náà ò tíì ṣe.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, súìsì tí a lè fi àgádágodo tì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ á pa á, á tì í, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀, á wá tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé láti mọ̀ dájú pé ó ti kú, kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí àwọn méjì bá jọ ń fọ̀ ọ́, àgádágodo méjì ni. Kí súpáfáísọ̀ má ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ o, torí ìgbà tí búrẹ́dì bá ń pẹ́ ló máa ń lò ó.

Àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí ilẹ̀ ti ń tutù, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná tó ń jò bá ti tó 30 mA sí wọn, kí iná má bàa pa ènìyàn. Páńẹ́lì iná gbọ́dọ̀ pa dé dáadáa: fùláwà tó wọ inú rẹ̀ á gba ọ̀rinrin mọ́ra, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Kàwékàwé
Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó wọ ibi ẹ̀rọ. Òfin Factories Act ti 1987 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 24, fáktírì ni yín lójú òfin yẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣé ẹ ti forúkọ fáktírì sílẹ̀? Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, ẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa dé, kí ẹ sì ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sàn ju ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ gbogboogbò tí òfin béèrè, kí ẹ sì lẹ àkópọ̀ òfin náà mọ́ ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, táǹkì afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ wo ọjọ́ tí àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e bọ́ sí lórí ìwé náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ènìyàn. Ẹ tún ní ìwé ìjàǹbá. Ìjàǹbá tó bá pa ènìyàn, tàbí tó bá mú kí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó olùbẹ̀wò létí. Ìwé ìjàǹbá tó ṣófo fún odindi ọdún ní bẹ́kìrì tó ní mílíńgì? Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ẹ kọ àwọn kéékèèké náà sí i: ẹni tó jóná díẹ̀, ẹni tó yọ̀ ṣubú.

Ó tún ku ti NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin Employee's Compensation Act ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Ká ní ₦80,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ẹni 24 jẹ́ ₦1,920,000, tiyín á jẹ́ ₦19,200 lóṣù. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́ o, àpò agbanisíṣẹ́ ló ti ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ó ní ọjọ́ 14 láti fi tó yín létí, ẹ̀yin ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìwé ìbéèrè owó ìtọ́jú ò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún kan. Ibi tó ti máa ń dàrú ni ti àwọn kásúà (òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀) alẹ́: wọn kì í sí nínú ìwé owó oṣù. Òfin yẹn ka kásúà àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, bóyá ìwé ìgbanisíṣẹ́ wà tàbí ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á. Ẹ kọ orúkọ wọn sí i.

Onífùláwà
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kan ní Lagos State Safety Commission náà máa wá. Àwọn wolé-wolé sì ti wá lóṣù tó kọjá, wọ́n ní gbogbo nǹkan dára. Ṣé ìwé tiwọn ò tó ni?

Kàwékàwé
Kò tó. Àwọn wolé-wolé, ìmọ́tótó ni tiwọn: ṣálángá, gọ́tà, eku, ìwé ìlera àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ. NAFDAC, búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ni tiwọn, bí ọ̀rọ̀ potassium bromate, èròjà tí wọ́n ti fòfin dè nínú búrẹ́dì. Panápaná ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí iná. Àwọn tó kọ lẹ́tà sí yín, ara òṣìṣẹ́ ni tiwọn. Ìwé ẹnì kan kò dúró fún ti ẹnì kejì. Safety Commission ti Èkó, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ló dá a sílẹ̀, Ọ̀tà sì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá fi orúkọ wọn wá gbowó lọ́wọ́ yín ní Ọ̀tà, ẹ béèrè ibi tó ti wá.

Panápaná_Àná
Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé wọ́n ń ti àwọn ẹni 9 yẹn mọ́lé? Mo mọ ìdí tí bẹ́kìrì fi ń ṣe é: kí búrẹ́dì má bàa gba ojú fèrèsé jáde lóru, kí olè má sì wọlé. Ṣùgbọ́n òfin ò gbà á. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ilé, ilẹ̀kùn àbájáde gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú lójú ẹsẹ̀, láìwá kọ́kọ́rọ́. Ní 2002, iná jó iléeṣẹ́ rọ́bà kan ní Ìkòròdú lóru, ilẹ̀kùn tì pa mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló kú síbẹ̀. Kò sí olùbẹ̀wò tó máa rí àgádágodo lára ilẹ̀kùn yín tí kò ní rántí ìyẹn.

Ohun tí ẹ máa rà ni ọ̀pá ìtarí fún ilẹ̀kùn: láti inú, wọ́n á fi àyà tì í, á ṣí, láti ìta, kò ṣeé ṣí. Olè ò wọlé, òṣìṣẹ́ ò há. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù búrẹ́dì, ẹ fi aago tó ń dún sí i bí wọ́n bá ṣí i. Kí ilẹ̀kùn náà máa ṣí síta, kì í ṣe sínú. Ó kéré tán ọ̀nà méjì, ọ̀kan jìnnà sí èkejì, kí ọ̀kan nínú wọn má ṣe gba iwájú ààrò kọjá. Àwọn bọ́gúlà ojú fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìdè tó ń ṣí láti inú. Ẹ sì kó àpò fùláwà kúrò ní ọ̀nà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ bẹ́kìrì, ẹnu ọ̀nà kejì ni sítọ́ọ̀.

Sílíńdà apaná: oní-páúdà 9 kg nítòsí ààrò, ṣùgbọ́n ní apá ọ̀nà àbájáde, kí ẹni tó fẹ́ mú un má bàa gba inú iná kọjá. Oní-CO2 5 kg nítòsí páńẹ́lì iná. Ẹ gbé wọn kọ́ ara ògiri, ẹ má gbé wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa fi wọ́n ti ilẹ̀kùn. Oṣooṣù, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ gééjì páúdà wà lójú àwọ̀ ewé, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi ọwọ́ gbá a nídìí, torí páúdà máa ń di ìṣù sílẹ̀. CO2 kò ní gééjì. Ìwọ̀n ni ẹ máa wọ̀n ọ́n: iye tó yẹ kó wọ̀n wà lára rẹ̀. Bí gáàsì inú rẹ̀ bá ti dín ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ fún wọn kí wọ́n tún un rọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kìkì àmì tuntun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn tí wọ́n á ní àwọn ti rọ ọ́. Òṣùwọ̀n ló ń tú wọn fó.

Táǹkì dísẹ́ẹ̀lì, ìta ni. Ẹ mọ odi kékeré yí i ká tó lè gba ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá lé e. Fáàfù tó ń pa dísẹ́ẹ̀lì lọ sí ààrò, ìta náà ni kó wà, kí ẹni tó ti sá jáde lè pa á. Ẹnu èéfín jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ kọjú sí fèrèsé kankan: gáàsì apani tó wà nínú èéfín náà (carbon monoxide) ò ní òórùn tó máa kìlọ̀ kó tó pani.

Alákoto
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí ẹni yìí lọ dúró níwájú olùbẹ̀wò láìní ohun ààbò ara kankan. Wọ́n máa ń béèrè rẹ̀.

Àgbẹ̀dẹ_Ìgbàlódé
A ò ní kó má rà. A ní kó ra èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò. Àwọn tó ń fa páànù jáde nínú ààrò: ìbọ̀wọ́ ooru tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, nítorí etí páànù kì í jó ọwọ́ nìkan, apá ló ń jó. Gbogbo wọn: bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, ẹ gba sálúbàtà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn tó ń gbé àpò nìkan ló lè nílò olórí irin. Ẹni tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀: ìdítí. Àwọn tó ń jọ fùláwà: ìbòmú FFP2 tàbí N95 tó ń sẹ́ eruku, kì í ṣe ìbòmú aṣọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ síwèé pé wọ́n gbà á. Owó òṣìṣẹ́ kọ́ la fi ń rà á o.

Nọ́ọ̀sì_Iléeṣẹ́
Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ fùláwà. Eruku rẹ̀ máa ń fa ikọ́ fée, àwọn onímíkísà ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn àti ojú yíyún, lẹ́yìn náà ikọ́ òru. Ẹ fura bí ara ẹnì kan bá ń yá ní ọjọ́ ìsinmi tí àìsàn náà sì ń padà ní ọjọ́ iṣẹ́. Kí wọ́n tú àpò sínú míkísà láti ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, kí wọ́n má gbọn àpò òfìfo. Kí wọ́n má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ilẹ̀ tàbí aṣọ ara wọn. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku dára ju ìgbálẹ̀ lọ; bí kò bá sí owó, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Àpò 50 kg, ẹni méjì tàbí tírọ́lì.

Àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn alẹ́ lè dé, kì í ṣe ní ọ́fíìsì tí mánéjà ti tì lọ sílé. Ẹnì kan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó gbọ́dọ̀ wà ní sífítì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jóná: omi ẹ̀rọ tútù tó ń ṣàn fún 20 mínúùtì, ẹ yọ òrùka àti aago kó tó wú, ẹ fi nílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ bò ó. Kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí epo, kò sí yìnyín. Bí ìka bá gé, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ìka tó já náà, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù wé e, ẹ fi sí nílọ́ọ̀nù, ẹ dì í, kí ẹ tó gbé nílọ́ọ̀nù yẹn sínú omi yìnyín. Bí yìnyín bá kan ìka gan-an, ó lè má ṣeé rán padà mọ́. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ lóru sára ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà awakọ̀.

Onífùláwà
Kí ni ká ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé gan-an? Bí wọ́n bá béèrè owó epo ọkọ̀ ńkọ́?

Kàwékàwé
Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè káàdì wọn. Òfin ní kí wọ́n fi ìwé ìyànsípò hàn bí ẹ bá béèrè, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé lọ́sàn-án tàbí lóru, wọ́n sì lè bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá nítòsí. Ẹ má kọ́ òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọ́n máa sọ, ó máa ń hàn. Ẹ yan ẹnì kan tó mọ ẹ̀rọ dáadáa láti bá wọn rìn, kí ó máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá tọ́ka sí, kí ó sì máa ya fọ́tò rẹ̀.

Ní ti owó, ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ń lọ tààrà sí àpò ìjọba, rìsíìtì á sì jáde. Kò sí ti owó ọwọ́. Ẹ fún wọn ní omi tútù. Bí ẹnì kan bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, lẹ́tà máa dé pẹ̀lú àwọn àléébù àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ ti tún wọn ṣe dà. Ẹ fèsì kí ọjọ́ náà tó pé: àléébù kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ ṣe, fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn, rìsíìtì. Èyí tí owó ò tíì ká, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é àti ohun tí ẹ ń ṣe ní báyìí ná. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù.

Onífùláwà
Ohun tí a wá tò nìyí: ìbòrí àti ọ̀pá ìdádúró mílíńgì, sítátà mẹ́ta, àgádágodo, ọ̀pá ìtarí ilẹ̀kùn méjì, sílíńdà apaná mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ ooru, bàtà, ìbòmú. A máa fi ìyókù ra pátákó ìkìlọ̀.

Wáyà_Pupa
Pátákó mẹ́rin tó, èyí tó ní àwòrán: ọ̀nà àbájáde méjì, sílíńdà apaná, ìka lẹ́nu rólà. Ìyókù owó yẹn, ẹ fi pamọ́ fún àtúnṣe. Súìsì ìdérí míkísà á bàjẹ́, torí fùláwà àti omi ń wọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí owó tí wọ́n fi máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi wáyà so ó. Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà ní sítọ́ọ̀.

Àgbẹ̀dẹ_Ìgbàlódé
Àti pé mílíńgì yẹn, ẹ má lò ó lóru títí wẹ́dà á fi parí. Ọ̀sán ni kí wọ́n máa lò ó, pẹ̀lú ẹnì kejì tó dúró ti súìsì. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé kí wọ́n tó dé.